Ìyẹ́ ń re lára àwọn àgbébọ̀ mi, ẹyin sì ti dín kù. Kí ló ń ṣe wọ́n?

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà (Ọjọ́ Ajé, 7:42 àárọ̀)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, ni mo ti ń sin adìẹ Noiler: àgbébọ̀ mọ́kànlá, àkùkọ méjì. Wọ́n ti lé díẹ̀ ní ọdún kan ààbọ̀. Láìpẹ́ yìí, bí mo bá ti ṣí ilé wọn láàárọ̀, ìyẹ́ ni mo ń gbá. Àwọn mẹ́rin kan wà tí ẹ̀yìn wọn ti pá, tí awọ ibẹ̀ sì pọ́n. Òmíràn wà tí ọrùn àti àyà rẹ̀ wà ní ìhòòhò, ìrù rẹ̀ pàápàá ti lọ, kò ṣeé wò mọ́. Ẹyin tí mo ń kó ti dín sí ìdajì. Ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, kò sí èyí tó ń tòògbé, ìgbẹ́ wọn ò sì yí padà.

Níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn ẹran, wọ́n ní kí n fún wọn ní antibiotics àti fítámìnì. Mo fún wọn títí ó fi tán, kò tu irun kan lára wọn. Aládùúgbò wa kan wá ní àrùn tó máa ran gbogbo wọn ni, kí n yáa pa wọ́n. Ẹyin wọn ni àwọn ọmọ mi ń jẹ, mi ò fẹ́ kánjú ṣe ohun tí mo máa kábàámọ̀. Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.

Ọmọ Àgbẹ̀ Ọ̀yọ́ (Ọjọ́ Ajé, 8:05 àárọ̀)

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Iná adìẹ, kòkòrò inú ìyẹ́, ni. Ẹ po kẹrosíìnì mọ́ òróró díẹ̀, kí ẹ fi pa ibi tó pá. Ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wa nìyẹn.

Jídé Ẹlẹ́yin (Ọjọ́ Ajé, 8:21 àárọ̀)

Kẹrosíìnì kọ́. Ẹ bu Sniper díẹ̀ sínú omi, kí ẹ wọ́n ọn sí ilé wọn àti sára wọn. Kòkòrò kankan kò ní kù.

Dókítà Ẹran Abẹ́òkúta (Ọjọ́ Ajé, 9:31 àárọ̀)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ má fi kẹrosíìnì kan ara adìẹ, ẹ má sì jẹ́ kí Sniper dé sàkáání wọn. Awọ tó ti pọ́n tẹ́lẹ̀, kẹrosíìnì á bó o. Dichlorvos ló wà nínú Sniper. Ó ń gba awọ wọlé, ó ń gba imú wọlé, ó lè pa adìẹ, ó sì lè gba inú ẹyin dé ẹnu àwọn ọmọ yín. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké, èyí tí kò ju mílílítà 100 lọ. Àbúrò mi Jídé, mo bẹ̀ ọ́, má gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn yẹn mọ́.

Ní ti àrùn aranni tí aládùúgbò yín ń sọ, kì í ṣe ìyẹ́ ni lúkúlúkú, tí àwọn oníwèé ń pè ní Newcastle, máa ń bá jà. Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ ó ti rí ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ẹ ó ti rí èyí tí ọrùn rẹ̀ lọ́ àti èyí tó ń yanu mí, òkú á sì ti sùn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Adìẹ tó ń jẹ, tó ń mu, tí ojú rẹ̀ dá, ẹ má pa á nítorí ìyẹ́. Antibiotics náà kò lè mú ìyẹ́ hù.

Ibi tí ìyẹ́ ti kúrò ni yóò sọ ohun tó mú un kúrò. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn àti ìpàkọ́, àkùkọ ni. Nígbà tó bá ń gun abo, ó máa ń fi ẹnu di ìyẹ́ ìpàkọ́ rẹ̀ mú, á sì fi èékánná tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ yíká ìdí, ẹ wá iná àti yòrò, kòkòrò kékeré tó ń fa ẹ̀jẹ̀ adìẹ. Bó bá jẹ́ ìpìlẹ̀ ìrù, tí ọgbẹ́ sì wà níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fi ẹnu sọ ọ́. Bó bá jẹ́ iwájú ọrùn nìkan, ẹ wo etí ohun tí wọ́n ń ti ọrùn bọ̀ jẹun, bóyá ó ń ha wọ́n. Èyí tó bá ń sàba máa ń fa ìyẹ́ àyà ara rẹ̀ tu, kí ooru ara rẹ̀ lè kan ẹyin. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí àti ọrùn, tó sọ̀ kalẹ̀ sí àyà àti ẹ̀yìn, tó wá kan apá àti ìrù, ìyẹ́ ló ń pààrọ̀. Àgbà ló ń kàn án, kì í ṣe àìsàn.

Lálẹ́ òní, tí wọ́n bá ti wọ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ya ìyẹ́ ìdí àti abẹ́ apá wọn. Iná adìẹ máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyẹ̀fun àgbàdo, ó ń sáré tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ẹyin rẹ̀ funfun, ó sì máa ń dì mọ́ ìdí ìyẹ́. Yòrò kéré ju ìyẹn lọ, ó dúdú tàbí kó pupa. Kí ẹ tún fi ìka nu abẹ́ igi tí wọ́n ń sùn lé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yí yín lọ́wọ́, ẹ ti rí i.

Àdùkẹ́ ní Kent (Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán)

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà, mo ní adìẹ díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ọdọọdún ni tèmi ń ṣe bẹ́ẹ̀, láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, nígbà tí oòrùn bá ti ń tètè wọ̀. Wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìhòòhò, wọn ò ní yé ẹyin fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Ìbejì, ìgbà tó yẹ kí wọ́n ṣe é ló dé, ẹ fọkàn balẹ̀.

Yòrò pupa ni kí ẹ máa ṣọ́. Kì í gbé ara adìẹ lọ́sàn-án, inú ihò pákó ló ń sá pamọ́ sí, òru ló ń jáde wá fa ẹ̀jẹ̀. Ó lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹun, torí náà, kíkó adìẹ kúrò nínú ilé kò tó láti pa á. Ìdí tí Dókítà fi ní kí ẹ yẹ igi wò lóru nìyẹn. Ẹni tó bá ń wò ó lọ́sàn-án, á ní kò sí nǹkan kan.

Dókítà Ẹran Abẹ́òkúta (Ọjọ́ Ajé, 2:03 ọ̀sán)

Àdùkẹ́, òótọ́ lo sọ nípa yòrò pupa. Ṣùgbọ́n ti ìgbà òtútù yẹn, ọ̀dọ̀ yín ló wà fún. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ tó gùn jù lọ nínú ọdún fi wákàtí tó lé ní mẹ́jọ ju èyí tó kúrú jù lọ. N'Ìbàdàn, ìyàtọ̀ náà kò tó wákàtí kan. Adìẹ tiwa kò rí oòrùn tó ń dín kù tó máa sọ fún un pé àkókò ti tó. Ọjọ́ orí ló máa ń mú tiwọn wá, láti bí oṣù mẹ́rìndínlógún sí méjìdínlógún, tàbí ìnira: omi tó tán lọ́sàn-án tí kò sẹ́ni tó mọ̀, ooru oṣù Kejì àti Kẹta, kíkó wọn láti ilé kan sí òmíràn, tàbí oúnjẹ tí wọ́n yí padà lójijì. Ìdí nìyẹn tí adìẹ kan fi lè máa pààrọ̀ ìyẹ́ nílé wa, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa yé ẹyin lọ.

Bàbá Àgbà Ìlárá (Ọjọ́ Ajé, 4:40 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Kò sí ẹni tó bi Ìyá Ìbejì bóyá ọrùn adìẹ yẹn ti wà bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Abọ́lọ́rùn wà nínú adìẹ ìbílẹ̀ wa, òpìpì wà, tí apá rẹ̀ kì í ní ìyẹ́ tó lè fi fò. Wọn kò ṣàìsàn. Abọ́lọ́rùn gan-an fara da ooru ju adìẹ tí ìyẹ́ bò lọ, nítorí atẹ́gùn ń kan ara rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa náwó oògùn lé e lórí.

Dókítà Ẹran Abẹ́òkúta (Ọjọ́ Ajé, 5:12 ìrọ̀lẹ́)

Bàbá, ẹ kú àgbà sà. Abọ́lọ́rùn wà nínú àwọn adìẹ ìbílẹ̀ tí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wa níbí ti ṣiṣẹ́ lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó forúkọ irú adìẹ tí wọ́n ń pè ní FUNAAB Alpha sílẹ̀ lọ́dún 2018. Ọjọ́ tí abọ́lọ́rùn bá jáde nínú ẹyin ni ọrùn rẹ̀ ti máa ń pá, bẹ́ẹ̀ ló sì máa wà títí. Bí ti Ìyá Ìbejì bá ní ìyẹ́ lọ́rùn lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe abọ́lọ́rùn.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà (Ọjọ́ Ajé, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣé gan-an. Bàbá, ó ní ìyẹ́ lọ́rùn tẹ́lẹ̀ sà, ó kún dáadáa. Màá yẹ̀ wọ́n wò lóru òní.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ. Owó oúnjẹ layers, èyí tí wọ́n ń pò fún adìẹ tó ń yé ẹyin, ti wọ́n kọjá agbára mi, torí náà mo dín in kù. Àgbàdo, ọ̀kà bàbà, eèrí ògì àti àjẹkù ilé ni wọ́n ń jẹ jù báyìí. Mo sì ti ń tì wọ́n mọ́lé láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ ẹ̀fọ́ aládùúgbò. Ilé wọn gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ìbú rẹ̀ jẹ́ 5.

Alápòpọ̀ Oúnjẹ Ìkòròdú (Ọjọ́ Ajé, 8:47 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo ń dúró dè nìyẹn. Èmi ń po oúnjẹ adìẹ tà, ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó.

Ìyẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì èròjà amúaradàgbà. Adìẹ tó bá fẹ́ hu ìyẹ́ tàbí tó fẹ́ yé ẹyin, ó gbọ́dọ̀ rí èròjà yẹn jẹ. Oúnjẹ layers máa ń ní tó ìdá 16 sí 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Àgbàdo kò ju bí ìdá 9 lọ, ọ̀kà bàbà fi díẹ̀ jù ú. Inú wọn ń kún lóòótọ́, wọ́n tiẹ̀ ń sanra, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa fi ṣe ìyẹ́ kò sí níbẹ̀. Nígbà tí kò bá sí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìyẹ́ ara wọn jẹ. Mo ti rí ilé adìẹ tí a kò rí ìyẹ́ nílẹ̀ rárá, tí gbogbo wọn sì pá, torí pé wọ́n ń gbé e mì.

Bí owó kò bá tó, ẹ má yọ oúnjẹ layers kúrò pátápátá. Kí ó jẹ́ òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ jẹ láàárọ̀ nígbà tí ebi ń pa wọ́n, kí àgbàdo jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́, ìwọ̀nba. Sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ní tó ìdá 44. Bó bá jẹ́ sóyà odidi ni ẹ rà, ẹ yan án kí ẹ tó lọ̀ ọ́, torí sóyà tútù kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú wọn. Kúlíkúlí dára, ṣùgbọ́n kò ní gbogbo ohun tí ìyẹ́ ń fẹ́, torí náà ẹ fi ẹja gbígbẹ lílọ̀ díẹ̀ kún un. Kúlíkúlí tó bá ti bu, ẹ dà á nù. Oró tó wà nínú ebu ń ba ẹ̀dọ̀ adìẹ jẹ́. Ikán náà dára gan-an, bí kò bá ṣe èyí tí wọ́n ti wọ́n oògùn sí.

Ilé yín kéré fún adìẹ mẹ́tàlá tí kì í jáde. Adìẹ kan yẹ kó ní ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 4 níbùú lóròó bó bá jẹ́ inú ilé ló ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Tiyín kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n sọ ọgbà kékeré kan síwájú ilé náà, aládùúgbò yín á sì sinmi. Ẹ so ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kọ́ sókè fún wọn, ibi tí wọ́n máa nà kí ẹnu wọn tó tó o. Ẹnu tó ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀fọ́ kò ní ráyè lọ sára ẹlòmíràn.

Ọmọ Àgbẹ̀ Ọ̀yọ́ (Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́)

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń sọ ara wọn, iyọ̀ ló wọ́n nínú oúnjẹ wọn. Ẹ bu iyọ̀ sínú omi wọn.

Alápòpọ̀ Oúnjẹ Ìkòròdú (Ọjọ́ Ajé, 9:26 alẹ́)

Rárá o. Òótọ́ ni pé àìtó iyọ̀ máa ń mú wọn sọ ara wọn, ṣùgbọ́n inú oúnjẹ ni iyọ̀ ń wà, kò sì ju gíráàmù 3 lọ nínú kìlógíráàmù kan. Kò sí bí adìẹ ṣe lè yẹra fún omi, tó bá sì mu iyọ̀ jù, ó ń pa á. Oúnjẹ layers ti ní iyọ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, àjẹkù ọbẹ̀ náà ní.

Àdùkẹ́ ní Kent (Ọjọ́ Ajé, 10:02 alẹ́)

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé tiẹ̀ lè fún wọn ní àjẹkù. Níbí, òfin kò gbà wá láyè láti fún adìẹ ní ohunkóhun tó bá ti gba inú ilé ìdáná kọjá, nítorí kí àrùn má baà tàn.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:18 àárọ̀)

Mo ti yẹ̀ wọ́n wò. Ọmọ mi ọkùnrin ló tan iná, èmi ń gbé wọn.

Èyí tí ọrùn rẹ̀ ṣí, mo rí nǹkan ṣóńṣó-ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ tó ń yọ lára rẹ̀, ó sì ń ké tí mo bá fọwọ́ kàn án. Kò sí kòkòrò lára rẹ̀. Àwọn mẹ́rin tí ẹ̀yìn wọn pá, kùkùté ìyẹ́ ló kù lẹ́yìn wọn, bí ohun tí wọ́n ṣẹ́. Ìpàkọ́ wọn náà ti fẹ́lẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní ọgbẹ́ níbi ìrù, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ síbẹ̀. Igi tí wọ́n ń sùn lé mọ́. Ṣùgbọ́n àkùkọ ńlá náà àti àgbébọ̀ méjì ní nǹkan funfun tó dì mọ́ ìyẹ́ ìdí wọn, mo sì rí èyí tó ń sáré.

Dókítà Ẹran Abẹ́òkúta (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ òru. Ohun tó ń ṣe wọ́n ju ẹyọ kan lọ.

Àwọn abẹ́rẹ́ yẹn ni ìyẹ́ tuntun. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú wọn, ìdí tó fi ń dùn ún nìyẹn. Ẹ má gbé e mọ́ láìnídìí, ẹ fún un lóúnjẹ tó dára. Á bo ara rẹ̀ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta.

Àwọn mẹ́rin yẹn, àkùkọ ni. Àkùkọ kan tó fún àgbébọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ sì ní méjì fún mọ́kànlá. Wọn kì í pín gígùn náà dọ́gba. Àwọn tó bá rọrùn fún wọn ni wọ́n ń padà sí lójoojúmọ́. Ẹ yọ àkùkọ kan kúrò, kí ẹ rẹ́ ṣóńṣó èékánná àti ẹ̀gún ẹsẹ̀ ti èkejì, kó má ti ibi ẹ̀jẹ̀ wọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ṣáájú pé ẹ̀yìn wọn kò ní bò kíákíá. Ihò tí ìyẹ́ ti fà tu pátápátá máa ń hu òmíràn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí kùkùté bá wà, ara kò mọ̀ pé ìyẹ́ ti lọ. Á di ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ìyẹ́ kó tó hu tuntun. Ẹ má fa kùkùté náà tu. Ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì pe àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ẹ ya èyí tó ní ọgbẹ́ sọ́tọ̀, kí ẹ fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́ títí á fi san. Ẹ má fi epo pupa pa á, àwọ̀ pupa gan-an ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Fún iná, ẹ ra pàúdà permethrin tí wọ́n ṣe fún adìẹ, kí ẹ bù ú sí ìdí ìyẹ́ gbogbo wọn, abẹ́ apá àti yíká ìdí, kì í ṣe àwọn mẹ́ta tí ẹ rí i lára wọn nìkan. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, torí pàúdà kì í pa ẹyin iná. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nípa jíjẹ ẹyin.

Bàbá Àgbà Ìlárá (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 àárọ̀)

Ẹ fi eérú igi gbígbẹ àti iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ sí igun kan fún wọn kí wọ́n máa yí nínú rẹ̀. Adìẹ tí wọ́n tì mọ́lé tí kò rí eruku yí nínú rẹ̀, iná kò lè tán lára rẹ̀. Kí omi má kan eérú náà o, eérú tí omi bá kàn ń jóni lára.

Èyí tí ọrùn rẹ̀ ṣí, tó kọ́kọ́ re ìyẹ́ yẹn, ẹ tà á. Èyí tó bá tètè bẹ̀rẹ̀, tó sì pẹ́ kó tó parí, kì í fi bẹ́ẹ̀ yé ẹyin.

Alápòpọ̀ Oúnjẹ Ìkòròdú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:02 àárọ̀)

Bàbá, ẹ dárí jì mí sà, kò tíì yá láti tà á. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń yé dáadáa máa ń pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì máa ń ju ọ̀pọ̀ ìyẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè tètè parí. Ṣùgbọ́n èyí ti ń hu ìyẹ́ tuntun lọ́rùn, lórí oúnjẹ tí kò dára. Ẹ jẹ́ kó jẹun dáadáa ná, kí a wo bó ṣe máa pẹ́ tó. Àpò ẹyin ẹni tó tètè parí á tún ṣí.

Àdùkẹ́ ní Kent (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:45 àárọ̀)

Fún àwọn tí ẹ̀yìn wọn pá, ẹ gé jíìnsì tó ti gbó, kí ẹ rán an bí ẹ̀wù tó bo ẹ̀yìn nìkan, kí ẹ fi rọ́bà fẹ́ẹ́rẹ́ kọ́ ọ sí abẹ́ apá méjèèjì. Èékánná àkùkọ kò ní kan awọ. Ẹ máa ṣí i wò, nítorí iná máa ń fẹ́ràn abẹ́ rẹ̀.

Dókítà Ẹran Abẹ́òkúta (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:10 àárọ̀)

Ooru ilé wa le fún aṣọ yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, kó jẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì bọ́ ọ lálẹ́. Yíyọ àkùkọ ló dára jù.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:20 ọ̀sán)

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Ọkọ mi ti lọ wá àwọ̀n. Èmi ń lọ ra sóyà àti pàúdà. Àkùkọ kékeré ni màá fi sílẹ̀, màá ta èyí tó tóbi.

Jídé Ẹlẹ́yin (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:41 ọ̀sán)

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àkíǹyẹlé ni mo wà, mi ò jìnnà sí yín. Mo ní àgbébọ̀ méjìlá, kò sí akọ láàárín wọn, mo sì fẹ́ máa pa ọmọ. Bí ẹ kò bá tíì tà á, mo fẹ́ rà á.

Dókítà Ẹran Abẹ́òkúta (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:58 ọ̀sán)

Jídé, àkùkọ yẹn wà lára àwọn tó ní iná. Kí Ìyá Ìbejì bu pàúdà sí i lára kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bu ẹlẹ́ẹ̀kejì sí i, kí o sì yẹ ìdí rẹ̀ wò kí o tó jẹ́ kó wọ àárín àwọn tìrẹ.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:06 ọ̀sán)

Ó ṣì wà nílẹ̀, àbúrò mi. Wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mú àgò dání.